Wíwo Tẹlifíṣọ̀n Pẹ̀lú Agbára Bátìrì Nínú Ọkọ̀-Ilé

Ọkọ̀-ilé ni ọkọ̀ tí a kọ́ ibùsùn, ààrò, tábìlì ìjẹun àti ilé ìwẹ̀ sí nínú, yálà ó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tàbí ó jẹ́ èyí tí ọkọ̀ mìíràn ń wọ́ lẹ́yìn, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń rìnrìn àjò afẹ́ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, tí wọ́n sì fi ń pàgọ́ síbi tí ó bá wù wọ́n. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí ọgbà ìpàgọ́ tí a ń sanwó fún, òpó iná wà nílẹ̀ tí wọn yóò ki wáyà bọ̀, tẹlifíṣọ̀n á sì máa ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fẹ́ràn ilẹ̀ gbalasa tí ìjọba àpapọ̀ ní ní ìhà ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ní Arizona, Nevada, Utah àti California, níbi tí kò sí òpó iná, tí kò sí ẹ̀rọ omi, tí ó jẹ́ pé ohun tí àlejò bá gbé dání nìkan ni ó ní. Àjọ Bureau of Land Management, tí ó ń bójú tó púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, a máa gbà kí ènìyàn dúró síbì kan fún ọjọ́ 14 láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́bàá ìlú Quartzsite ní Arizona, ó ya ilẹ̀ La Posa sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń sá fún òtútù, kí wọ́n lè fi ìwé àṣẹ gbé ibẹ̀ láti 15 Oṣù Kẹsàn-án títí di 15 Oṣù Kẹrin. Ẹni tí yóò bá lo irú àkókò bẹ́ẹ̀ nínú aṣálẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ìròyìn alẹ́ àti bọ́ọ̀lù ọjọ́ Ìsinmi fo òun ru, bátìrì ni yóò gbójú lé.

Ìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Alessandro Volta, ará Ítálì, ni ó to awẹ́ irin oríṣi méjì léra ní 1800 tí iná fi ń ṣàn láti ara wọn láìdáwọ́ dúró. Ní 1859, Gaston Planté ní ilẹ̀ Faransé ri òjé sínú ásíìdì, ó sì ṣe bátìrì àkọ́kọ́ tí a lè tún ṣáájì bí agbára rẹ̀ bá tán. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn Planté, ní 1959, ilé iṣẹ́ Philco ní Amẹ́ríkà gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí wọ́n pè ní Safari jáde, tí ó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́; ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sony ti Japan gbé TV8-301 jáde, tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8. Ní ọdún 1959 yẹn kan náà, ní 31 Oṣù Kẹwàá, ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé. Nígbà tí ó sì yá, ní àwọn abúlé wa tí òpó NEPA kò dé, bátìrì mọ́tò ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun kí gbogbo agboolé lè pagbo wò ó, bí ó bá sì kú, a gbé e lọ sọ́dọ̀ aṣáájì. Nítorí náà, ohun tí arìnrìn-àjò Amẹ́ríkà ń ṣe nínú aṣálẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa ti rí irú rẹ̀ rí.

Oríṣi bátìrì méjì ni ó máa ń wà nínú ọkọ̀-ilé tí ó ní ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ni èyí tí ń jí ẹ́ńjìnnì: awẹ́ òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n sì pọ̀, kí ó lè tú agbára ńlá jáde ní ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, kí ó sì tètè gbà á padà bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, fífà á gbẹ ni ó sì máa ń yára pa á jù. Èkejì ni bátìrì ilé, tí awẹ́ òjé rẹ̀ nípọn, tí a ṣe fún fífà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń jẹ ẹ̀pà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń jẹ imumu: ẹni tí ó bá so tẹlifíṣọ̀n mọ́ bátìrì ẹ́ńjìnnì lè wo eré tán lóru, kí ilẹ̀ mọ́, kí ọkọ̀ má jí, kí olùrànlọ́wọ́ sì jìnnà réré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìdènà kan sí àárín àwọn méjèèjì, tí ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣáájì wọn pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, tí ó sì ń yà wọ́n nígbà tí ó bá dúró.

Àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu ìpàgọ́ fẹ́ràn bátìrì ọkọ̀ gọ́ọ̀fù. Fólìtì 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a so méjì tẹ̀léra kí ó lè di 12, agbára àwọn méjèèjì a sì tó nǹkan bí 220 áńpù-wákàtí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kìlógíráàmù 28. Ṣùgbọ́n ìdajì agbára yìí ni ọlọ́gbọ́n máa ń ná, nítorí pé bí a bá fa bátìrì òjé kọjá ààbọ̀ lemọ́lemọ́, tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣáájì, èèpá funfun a bo awẹ́ inú rẹ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀ a sì kúrú. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Láyé òde òní, bátìrì lítíọ́mù tí a fi irin àti fọ́sífétì ṣe ti ń gba ipò òjé. John Goodenough àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin ni ó fi ohun èlò yìí han aráyé ní 1997, ọkùnrin arúgbó tí kò fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ náà sì ti pé ẹni ọdún 97 kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel, òun àti àwọn méjì mìíràn, ní 2019. A lè ná ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá agbára lítíọ́mù láìbẹ̀rù, kò sì wúwo tó ìdajì òjé tí agbára wọn dọ́gba. Owó rẹ̀ nìkan ni ó ń dẹ́rù ba ni.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: kí a tó ra bátìrì, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n ti kọ iye wáàtì tí ó ń jẹ sí ara pátákó kékeré. Iye tí ó lè jẹ jù lọ ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀; bí a bá dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, èyí tí ó tó nínú òkùnkùn aṣálẹ̀, yóò jẹ kéré sí i. Tẹlifíṣọ̀n òde òní tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 32 ń jẹ nǹkan bí wáàtì 40, nígbà tí àwọn àtijọ́ tí ẹ̀yìn wọn yọ gọ́ńgọ́ lè jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀, kí ojú wọn sì kéré ju èyí lọ. Iná bátìrì kì í ṣe irú tí ń bẹ nínú ògiri. Nítorí náà ínfátà ni yóò sọ fólìtì 12 di 120 tí ilé Amẹ́ríkà ń lò, òun náà a sì jẹ tirẹ̀ lójú ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tí wáàtì 40 a fi di 47. Bí a bá fi 12 pín 47, ó kù díẹ̀ kí ó di áńpù 4. Wákàtí mẹ́rin lálaalẹ́ jẹ́ áńpù-wákàtí 16. Nínú bátìrì gọ́ọ̀fù méjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ 110, tẹlifíṣọ̀n nìkan lè ṣiṣẹ́ fún alẹ́ mẹ́fà láìṣáájì.

Ọ̀nà kejì ni kí a ra tẹlifíṣọ̀n tí ó ń gba fólìtì 12 tààrà, kí ínfátà má baà dá sí i. Èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 24 lè má jẹ ju áńpù 2 lọ, èmi sì gbà pé òun ni ó yẹ ẹni tí kò ní ohun èlò mìíràn tí ń fẹ́ iná ńlá. Kí ó ṣọ́ra ṣá o: ohun tí a ń pè ní fólìtì 12 nínú ọkọ̀ kì í dúró lójú kan, ó lè ga ju 14 lọ bí a bá ń ṣáájì, ó sì lè bọ́ sí 12 géérégé tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ bí bátìrì bá ń rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tí a kò ṣe fún ọkọ̀, tí ó kàn jẹ́ pé ṣájà rẹ̀ ń fún un ní fólìtì 12, lè jóná tàbí kí ó máa kú kó máa jí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tún máa ń jẹ nínú agbára kí ó tó dé ibi tí à ń rán an. Ẹni tí ó bá sì yan ínfátà, èyí tí ìgbì iná rẹ̀ ń lọ geerege bíi ti ìjọba ni kí ó rà, nítorí olówó pọ́ọ́kú tí ìgbì rẹ̀ ní igun a máa mú kí ohùn tẹlifíṣọ̀n máa kùn, kí ìlà sì máa sáré lójú rẹ̀.

Síbẹ̀, bí bátìrì bá kú lóru, tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, ẹ̀bi náà kì í sì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Bátìrì dà bí àmù tí gbogbo ilé ń bu omi nínú rẹ̀, igbá tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni ó tóbi jù. Fáànù tí ń fẹ́ ooru gáàsì káàkiri inú ọkọ̀ lóru òtútù lè fa áńpù 7. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin péré kí ilẹ̀ tó mọ́, 28 ti lọ. Ínfátà ńlá tí a gbàgbé láti pa lè fa áńpù kan àti ààbọ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan, èyí tí í ṣe 36 láàárín ọ̀sán àti òru, ju ìlọ́po méjì ohun tí tẹlifíṣọ̀n jẹ lọ. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ òórùn gáàsì kì í sùn, bọ́ọ̀dù kékeré inú fíríìjì kì í sùn. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó tún ku ẹ̀rọ tí ń ran èrìà òrùlé lọ́wọ́: láti 12 Oṣù Kẹfà 2009 tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá Amẹ́ríkà ti fi ọ̀nà ìgbéjáde àtijọ́ sílẹ̀, àwòrán a mọ́ kedere tàbí kí ó má sí rárá, nítorí náà ni arìnrìn-àjò fi ń dúró sábẹ́ àjà, tí ó ń yí ọwọ́ irin kí èrìà tí ó nà bí ìyẹ́ àdán lè gbéra sókè, tí ó sì ń yí i kiri títí yóò fi kọjú sí ìlú. Iná kékeré kan ń tàn lára ògiri bí ẹ̀rọ yìí bá wà ní títàn. Ẹni tí kò bá pa á, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí ó sì gbàgbé láti rọ èrìà sílẹ̀ kí ó tó wakọ̀, ẹ̀ka igi àkọ́kọ́ ni yóò rán an létí.

Ohun tí a ná lóru, ọ̀sán ni a ń dá a padà. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 100 a máa dá nǹkan bí áńpù-wákàtí 30 padà ní ọjọ́ tí oòrùn ràn dáadáa, èyí tí ó tó tẹlifíṣọ̀n ó sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá ibòji igi páìnì nítorí ooru ti ta oòrùn rẹ̀ nù. Ọkọ̀ tí ń wọ́ òmíràn lẹ́yìn kì í rán iná púpọ̀ sẹ́yìn nítorí wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, jẹnẹrétọ̀ sì yára, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọgbà ìpàgọ́ kò gbà kí ó dún lóru.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí bátìrì, kí wáyà tí ó bá bó má baà dá iná sílẹ̀. Bátìrì òjé tí à ń bu omi sí máa ń yọ gáàsì haidirójìn bí ó bá ń ṣáájì, nítorí náà inú àpótí tí ó ní ihò sí ìta ni ó ń gbé. Láti mọ ohun tí ó kù nínú òjé, kí ó kọ́kọ́ sinmi fún wákàtí díẹ̀: fólìtì 12.7 ni ó kún, nǹkan bí 12.2 ni ó dé ààbọ̀. Ti lítíọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí fólìtì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó tán, ẹ̀rọ tí ń ka áńpù bí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde ni ó lè sọ òótọ́ rẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ ṣáájì rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù ju ibi tí omi ti ń di yìnyín lọ. Bí a bá fẹ́ pa ọkọ̀ mọ́ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ń fi lítíọ́mù sí bí ààbọ̀, a sì ń mú òjé kún fọ́fọ́, nítorí pé òjé tí agbára rẹ̀ ti tán a máa di yìnyín nínú òtútù, ikùn rẹ̀ a sì là.