Ìkòkò Tí Wọ́n Rì Mọ́lẹ̀ ní Jọ́jíà

Jọ́jíà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà o. Orílẹ̀-èdè tó bá Rọ́ṣíà pààlà létí Òkun Dúdú ni. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé àwọn rí àmì wáìnì lára àpáàdì tó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọgbọ́n yìí ò bá parun títí dòní, iṣẹ́ ìjọba kọ́. Àwọn ìdílé tó ní ọgbà àjàrà kékeré ló dì í mú.

Ìkòkò amọ̀ ràgàjì kan wà tí wọ́n ń pè ní qvevri, ó rí bí ẹyin. Wọ́n á fi ìda oyin pa inú ẹ̀, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Ní agbègbè Kakheti, àtomi àjàrà, àtèèpo, àti kóró, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń dà sí i. Wọn kì í fi ìwúkàrà sí i. Ara èso náà ló ti ń wá. Tó bá hó tán, wọ́n á dé e pa fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ilẹ̀ ló ń mú un tutù, kò gba iná mànàmáná. Èèpo tó bá kù, wọ́n á sè é di ọtí líle tí wọ́n ń pè ní chacha.

Lọ́dún 1921, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì gba ilẹ̀ náà. Nígbà tó yá, ọgbà di ti ìjọba, iléeṣẹ́ ńláńlá sì dé. Bí wáìnì ṣe máa pọ̀ ni wọ́n ń lé. Irú àjàrà tó wà ní Jọ́jíà lé ní 500, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀, bíi Rkatsiteli àti Saperavi, ni wọ́n gbájú mọ́. Lọ́dún 1985, Gorbachev gbógun ti ọtí, wọ́n sì hú ọ̀pọ̀ igi àjàrà dànù. Ilẹ̀ péńpé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ni bàbá ti ń kọ́ ọmọ.

Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà mọ̀ pé ohun tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ló máa fi pòórá. Ẹ̀dà tó wà káàkiri ló ń yọni. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ní qvevri, ẹ̀dà kan ni.

Lọ́dún 2006, Rọ́ṣíà, oníbàárà wọn tó tóbi jù, fòfin de wáìnì Jọ́jíà. Ìkòkò tó máa jata, ìdí ẹ̀ á gbóná. Wọ́n wá ọjà lọ sí ibòmíì, wáìnì inú ìkòkò sì wà lára ohun tó là wọ́n lọ́nà. Lọ́dún 2013, UNESCO kọ ọgbọ́n náà mọ́ ogún aráyé.

Ibi tó ṣì ń kọni lóminú ni pé àwọn amọ̀kòkò tó lè mọ qvevri ò pọ̀ mọ́. Tí ọmọ amọ̀kòkò ò bá gba iṣẹ́ náà, kí ni ọmọ ọlọ́gbà máa rì mọ́lẹ̀?