Èémí, Ẹ̀mí àti Àwọn Ará Ayétòrò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ mí sínú. Ẹ dá a dúró díẹ̀. Ẹ tú u jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí ẹ ṣe yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Íńdíà ti fi í ṣe ẹ̀kọ́ láti ayébáyé, tí àwọn kan sì fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọ. Yóga ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n etí òkun Ìlàjẹ ni mo ń mú yín lọ lónìí, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí àwọn apẹja kan ti fi èémí àti ara gbàdúrà títí ó fi di ìlú. Kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ará Íńdíà ń ṣe, kí a má baà fi ohun méjì wé ara wọn láì mọ ọ̀kan.

Patanjali, ọlọ́gbọ́n kan láyé àtijọ́, ka ẹ̀ka mẹ́jọ nínú ìwé Yoga Sutra. Ìjókòó ara ni ẹ̀kẹta, ìkóso èémí ni ẹ̀kẹrin, àṣàrò sì ni ìkeje. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ chakra kún un, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní àwọn ibùdó agbára kan wà nínú ara ènìyàn: ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, abẹ́ ikùn, ìdodo, àyà, ọ̀fun, àárín ojú méjèèjì, àti àwùjẹ̀ lókè orí pátápátá. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ni agbára kan ká jọ sí bí ejò tí ó ń sùn. Iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe yóga ni láti fi èémí àti àṣàrò jí i, kí ó máa gun òkè láti ibùdó dé ibùdó, títí yóò fi dé àwùjẹ̀. Ní 1577 ni Purnananda kọ ìwé kan lórí àwọn ibùdó wọ̀nyí ní ilẹ̀ Bengal. Ní 1919, John Woodroffe, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Calcutta, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pe ìwé tirẹ̀ ní The Serpent Power. Ní 1969 ni Yogi Bhajan bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ará Los Angeles ní irú kan tí ó pa èémí kíákíá, mímú ara yí àti àṣàrò chakra pọ̀ mọ́ra. Láti ibẹ̀ ni irú yìí ti tàn káàkiri.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò níláti lọ sí Calcutta kí ó tó mọ̀ pé mímí àti ẹ̀mí kò jìnnà sí ara wọn. Mí ni a ń pe iṣẹ́ náà, èémí ni ohun tí ń wọlé tí ń jáde, ẹ̀mí sì ni ohun tí ó bá lọ tí a fi ń ké pé ó ti parí. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí ó parí ní 1884, ẹ̀mí yìí ni wọ́n mú láti fi pe Ẹ̀mí Mímọ́. Wọn kò ṣìnà rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí àwọn Hébérù ń lò fún un, ruach, afẹ́fẹ́ àti èémí náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni pneuma ti àwọn Gíríìkì, prana ti Íńdíà kò sì jìnnà sí wọn.

Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kẹfà 1925, ọmọdébìnrin kan, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, lọ wo ìtò àwọn Àgùdà ní Èkó, ó sì bọ́ sínú ìran tí kò jẹ́ kí ó mọ ohun tí ń lọ mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Moses Orímọládé Túnọláṣẹ, ọmọ Ìkàrẹ́, aládùúrà tí ó ti ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìwàásù. Láti inú àdúrà tí ó gbà fún ọmọ náà ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde. Orímọládé kú ní 1933, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, kò sì pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja Ìlàjẹ.

Bí ẹ bá ti wà níbi ìsìn wọn rí, ẹ ó mọ ohun tí mo ń sọ. Aṣọ funfun ni, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀. Ààwẹ̀ ti fọ inú wọn mọ́. Wọ́n á kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ìlù á máa yára, ara á máa mì, ẹsẹ̀ á máa fò sókè, orin kan náà á máa yí títí èémí gbogbo ìjọ yóò fi di ọ̀kan. Nígbà náà ni ẹnì kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, tí orí rẹ̀ á máa fì, a ó sì sọ pé ẹ̀mí ti gbé e. Ẹnì kan á ti mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́ láti kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀. Ní ti èémí, kò yẹ kí ó ya àwọn ará Ìlàjẹ lẹ́nu. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ mọ̀ pé bí èémí bá ti dàrú, àjẹ̀ náà dàrú nìyẹn, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń fi orin wa ọkọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé láti Íńdíà ni gbogbo èyí ti wá. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa ń ránṣẹ́ ra ìwé awo láti Íńdíà àti Amẹ́ríkà nígbà kan, tí àwọn àlùfáà sì ń kìlọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ibẹ̀ ni apẹja Ìlàjẹ ti rí tirẹ̀. Kí ìsìn ìgbàgbọ́ tó dé ni òrìṣà ti ń gun ẹlẹ́gùn nílẹ̀ Yorùbá, orí ni ó sì ń gbà wọlé. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà: agbára ti yóga ń ti ìsàlẹ̀ gòkè lọ sí àwùjẹ̀, ẹ̀mí ti aládùúrà ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ wá. Ẹni tí ń ṣe yóga lè dá jókòó nínú yàrá rẹ̀, kí ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Aládùúrà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n fi rán an sí ìjọ, ó sì níláti jẹ́ ẹ.

Àwọn dókítà náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Bí ènìyàn bá ń mí kíákíá fún ìgbà pípẹ́, kábọ́nì dayọ́ksáídì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dín kù, òòyì á máa kọ́ ọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ á máa jó ṣìnìṣìnì. Bí ó bá sì ń mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ará Íńdíà, bẹ́ẹ̀ ni fún ará Ìlàjẹ. Ẹni tí ó bá ní àrùn ọkàn tàbí wárápá kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ fún wa ìdí tí ẹnì kan fi jí láti inú ìran rẹ̀ tí ó sì lọ kọ́ ìlú.

Ìlú náà ni Ayétòrò. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé nítorí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Séráfù kan kọ̀ láti fara mọ́ pípa ìbejì àti àwọn àṣà mìíràn, wọ́n ṣe inúnibíni sí wọn. Ní Oṣù Kínní 1947 wọ́n kó lọ sí etí òkun, sórí irà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ní ọdún kan náà, kí n má gbàgbé, ni Íńdíà gba òmìnira, tí Oshoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń fi ọkọ̀ rìn lórí omi ìtòsí Porto-Novo, sì dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún tí ẹ̀mí rìn lórí omi ni.

Àwọn ará Ayétòrò kan òpó mọ́ inú irà, wọ́n kọ́ ilé lé e, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà. Ọba wọn, Ògélóyìnbó, ni olórí ìlú àti ti ìsìn. Kò sí owó àdáni: ẹja tí ẹnì kan pa, ti gbogbo wọn ni, àpò kan ni owó ń lọ, láti inú rẹ̀ ni oúnjẹ àti aṣọ ti ń wá. Wọ́n kan ọkọ̀ ńláńlá, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n gbẹ́ odò lílà. Ní 1953 iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó jù ú lọ ṣì ń lo àtùpà. Àwọn tí ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé wèrè aláṣọ funfun ni wọ́n wá ń wọ ọkọ̀ lọ wò wọ́n.

Ètò àpò kan náà kò pẹ́ títí. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń lọ sópin, wọ́n ti gba olúkúlùkù láyè láti máa ṣòwò tirẹ̀, ìwọ̀nba sì ni ohun tí ó kù nínú ti àtijọ́. Òkun ni ó wá di ọ̀tá wọn lẹ́yìn náà. Ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ó gba ọ̀nà onípákó, ó gba ilé ìsìn pàápàá. Àwọn tí kò kúrò ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń kan òpó tuntun sínú irà, wọ́n sì ń bọ́ bàtà wọn kí wọ́n tó wọlé àdúrà.