Ààrò Ara Ògiri

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní, ọyẹ́ fẹ́ ní Mowe débi pé epo pupa dì sínú ìgò rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin pè wá láti Manchester, Màmá wa ló sì gbé fóònù. "Màmá mi, òtútù ń mú wa o. Bọ́ílà ti bàjẹ́ láti àná, gbogbo ilé ti tutù rinrin." Màmá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán: "Ṣé o ti lo oògùn ibà?"

Ìdáhùn Màmá tọ̀nà nínú èdè tó fi ń ronú. Ní àdúgbò wa, bí ẹnì kan bá ní òtútù ń mú òun, ọrùn rẹ̀ la ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, a kì í wo ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ru ojú ọjọ́, òun ló ń ru ibà, òun náà ló ń ru òtútù àyà tó ń dá ọmọdé dùbúlẹ̀. Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ ilé, Màmá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara.

Nígbà tó wá yé e pé ilé ni kò yá, ó gbà wọ́n nímọ̀ràn tí ìyá èyíkéyìí ní Mowe lè gba ọmọ rẹ̀: kí wọ́n wá èédú, kí wọ́n dáná sínú àdògán, kí wọ́n gbé e sáàárín yàrá, kí gbogbo wọn jókòó yí i ká kí wọ́n máa yáná, kí wọ́n sì ti fèrèsé pa kí ooru má baà jáde. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ìyá ló sọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó lè pa àbúrò mi, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn méjèèjì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn nǹkan tó ń mú ilé wọn móoru. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé orúkọ ẹ̀rọ ló kù tí a ò ní. Mo ti wá rí i pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí a ní tẹ́lẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà: yáná. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Iná wà níbì kan, ènìyàn lọ bá a, ó na ọwọ́ sí i, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ooru tiwa máa ń jókòó sójú kan ni. Ní Manchester, inú ilé ni ooru ń gbé. Ó ń gba inú páìpù lọ láti yàrá dé yàrá, kò sẹ́ni tó ń rí iná rẹ̀. Ẹni tó bá fi yáná túmọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ti gbé àdògán wọlé fún wọn ná.

Àwọn tó ṣáájú wa bá irú ìṣòro yìí pàdé. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n dé Sáàmù 51, níbi tí onísáàmù ti fẹ́ funfun ju ìrì dídì lọ. Ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni, nítorí funfun ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lé. Wọ́n mú funfun dání, wọ́n fi òtútù sílẹ̀. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí òtútù gan-an ni iṣẹ́ mi. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò lè ràn mí lọ́wọ́ níbí: ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ló wà fún. Ọ̀rọ̀ ilé ní láti ti inú ilé jáde.

Èyí tó ká mi lára jù lọ ni mo kọ́kọ́ mú, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń ti inú èédú tó ń jó àti ẹ́ńjìnnì jáde. Èéfín ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Tí jẹnẹrétọ̀ bá pa ìdílé kan mọ́jú, a ó ní èéfín ló pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́, àìtọ́ rẹ̀ sì léwu. Èéfín máa ń ta ojú, ó máa ń fún ni láyà, ó máa ń lé ènìyàn jáde. Nítorí náà, nígbà tí èédú bá ti pọ́n dáadáa, tí kò rú mọ́, ẹni tó gbọ́ pé kó ṣọ́ra fún èéfín á ní ewu ti kọjá, á sì gbé e wọlé. Afẹ́fẹ́ tí mo ń wí yìí kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú. Yóò kàn rẹ ènìyàn, orí á fọ́ ọ, oorun á gbé e lọ. Mo pè é ní afẹ́fẹ́ apanilójú-oorun. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè pé kí ló ń ṣe. Ní oṣù Kejì 2021, nígbà tí òtútù ńlá mú iná mànàmáná lọ ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn kan ní Houston gbé ìdáná eléèédú wọlé, àwọn mìíràn jókòó sínú mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì. Ó pa nínú wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wà lẹ́nu àwọn ìyá wa nílé, wọn yóò máa fi kìlọ̀ lórí fóònù.

Ti bọ́ílà gbé mi dé Ifo. Ọ̀nà rélùwéè tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá, mo sì mọ bàbá kan níbẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin rí. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é nígbà tiwọn. Ó ní bọ́ílà náà ni. Ó ṣàlàyé bí omi ṣe ń hó nínú rẹ̀ títí yóò fi di oru omi tó ń ti ọkọ̀ lọ. Ìgbà tí mo sọ fún un pé ti inú ilé kì í jẹ́ kí omi hó, pé ìwọ̀n Celsius 60 sí 70 ló sábà máa ń gbé e dé, kó tó dá a padà sínú páìpù, ó mi orí: "Kì í wá ṣe bọ́ílà nìyẹn, ọmọ mi. Ó kàn ń mú omi gbóná ni." Ẹ̀rọ amómigbóná, nígbà náà. Kò jìnnà sí ẹ̀rọ amúlétutù tí a ti ń pè láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì sọ òtítọ́ ju orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un lọ.

Ní Ibafo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, rédíétọ̀ ni ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì mọ́tò tutù. Mẹ́káníìkì tí mo bá sọ̀rọ̀ kò gbà pé wọ́n ń so rédíétọ̀ mọ́ ògiri kí ilé lè móoru, àfìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ronú jinlẹ̀ tó ní, "Àbí ooru náà ni méjèèjì ń tú síta?" Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ ní irin atanooru. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni mo tún ti rí ọ̀rọ̀ fún ohun tí òyìnbó ń pè ní kí wọ́n mú un ṣẹ̀jẹ̀, nígbà tí òkè irin bá tutù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná: ó ní a máa tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún búréèkì.

Èdè wa ti ní àwọn míì tán, kò sídìí láti ṣẹ̀dá. Bí páìpù tí ẹ̀rọ amómigbóná fi ń da omi nù síta bá kún fún omi tó le gbagidi, ó ti dì ni, bí epo ṣe ń dì, bí ẹ̀kọ ṣe ń dì sínú ewé. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ ọ, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó dà sí i, kì í ṣe omi híhó, kí páìpù má baà là. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti gbóná ti wà lẹ́nu ìyá tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Aṣọ àjà ni mo pe òwú tí wọ́n ń tẹ́ sókè àjà kí ooru má baà gba òrùlé lọ. Atẹ́gùn ayọ́wọlé ni èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Fún ohun tó ń pàṣẹ ìgbà tí ooru yóò dé àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, aṣọ́ooru ni mo kọ́kọ́ kọ, lára aṣọ́bodè. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi láìfi àmì sí i, bí a ṣe sábà ń kọ̀wé lórí fóònù. Ó ní òun ti wọ súwẹ́tà méjì, aṣọ wo ló tún kù? Mo yí i sí adarí ooru.

Nọ́ńbà ni kò tí ì rí ojútùú lọ́wọ́ mi. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí ilé má tutù ju ìwọ̀n 18 lọ nígbà òtútù. Ìwọ̀n 18 yẹn, ní Mowe, ọyẹ́ tó le ni. Ìgbà yẹn ni Màmá máa ń wá ìbora. Ibi tí òtútù wa ti bẹ̀rẹ̀ ni ooru wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni lánlọ́ọ̀dù àbúrò mi tó rán ẹni tó tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ó ya Màmá lẹ́nu pé kì í ṣe ayálégbé ló sanwó, nítorí ní Mowe, ẹni tí nǹkan bá bàjẹ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ló ń tún un ṣe. Mo ní òfin ọdún 1985 ló gbé e lé onílé lórí níbẹ̀. Àbúrò mi wá tan fídíò kí Màmá lè rí i. Ó gbé ọwọ́ lé irin funfun tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ kékeré ti fẹ̀yìn tì í, ó ń jẹ búrẹ́dì. Màmá wò ó títí.

"Ẹn-hẹ́n," ó ní, "ààrò ara ògiri."

Mo ní irin atanooru ni mo ti kọ sílẹ̀. Ó ní kí n wo ọmọ yẹn dáadáa, ìdí ààrò ló jókòó sí. Mo ṣí ìwé mi, mo fi ìlà pa tèmi rẹ́, mo kọ tirẹ̀ sí i.