Ojú irin tó gbé wa wá ló gbé àìsàn wá

Ojú irin tó ti Èkó wá ló gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa dé Sábọ̀n Gàrí. Ojú irin yẹn náà ni inflúẹ́ńsà gbà gòkè lọ́dún 1918, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òkun gbé e wọ Èkó. Kò sí abẹ́rẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn. Òkú sùn lọ bẹẹrẹ.

Ṣànpọ̀nná ńkọ́? Àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ ẹ̀. Olóde ni wọ́n ń pè é. Abẹ́rẹ́ tó dá àpá sí wọn lápá ló lé e lọ: 1970 la rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà.

Ní 2003, àhesọ mú kí wọ́n dá oògùn rọpárọsẹ̀ dúró ní Kánò níbí. Àìsàn náà gbèrú, ó tàn dé ilẹ̀ mìíràn. Kò béèrè bóyá Haúsá lọmọ tàbí Yorùbá.

Kòrónà náà rèé. Láti oṣù kẹta 2021 ni abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti dé Nàìjíríà, wọ́n sì fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká bo imú lọ́jà, ká fọwọ́, ká mú àwọn ìyá àti bàbá wa lọ gbà á. Ohun táwọn ará 1918 ò rí gbà, ẹ má jẹ́ ká torí àhesọ kọ̀ ọ́.