Owó Ìwádìí àti Ilé-Iṣẹ́ Irin Aladja: Ìtàn Alárinà tí Ó Pẹ́ Dé

Ìfáàrà

Nínú àṣà ìgbéyàwó Yorùbá, alárinà ni ẹni tí ó mọ ìdílé méjèèjì. Òun ni ó ń ṣe ìwádìí kí ẹnikẹ́ni tó na kọ́bọ̀. Ìgbà tí ìyàwó bá mọjú ọkọ tán ni alárinà tó ń yẹ̀ba. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba gbé ìyàwó wọlé tán kí ó tó máa wá alárinà. Ìyàwó tí à ń wí ni ilé-iṣẹ́ irin Aladja. Alárinà ni ẹni tàbí àjọ tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ wá owó ìrànwọ́ ìwádìí, tí ó sì ń mú un pàdé onímọ̀ tí yóò ṣe ìwádìí náà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ìwádìí palẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, nítorí pé a kì í dá a padà, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Kì í sì í ṣe ọrẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá gbà á ní láti jíhìn. Ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó fẹ́ wádìí sílẹ̀, iye tí yóò ná an, iye tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi kún un, àti ẹni tí yóò ni àbájáde rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, díẹ̀díẹ̀ ni a máa ń san án bí iṣẹ́ bá ti ń lọ sí. Ilé-iṣẹ́ tí ó mọ irin í rọ lè máà mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ í kọ. Onímọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n kọ lè máà mọ ohun tí ó ń dun ilé-iṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Aladja àti Òkúta Itakpe

Aladja jẹ́ ìlú àwọn Urhobo ní ilẹ̀ Udu, ní òdì kejì odò sí Warri. Ní ọdún 1977, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wẹ́rẹ́, ìjọba àpapọ̀ bá àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì àti Ọ́sítíríà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ irin sí Ovwian àti Aladja. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1982 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i. Mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù irin ni a pinnu pé yóò máa yọ́ lọ́dún. Nínú irin yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti Òṣogbo, Jos àti Katsina yóò ti máa gbà, tí wọn yóò fi máa ṣe ọ̀pá irin tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò. Nítorí náà, ebi tí ó bá pa Aladja, Òṣogbo náà yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀nà tí a ń pè ní Midrex ni wọ́n yàn fún Aladja. Nínú iléru tí ó ń lo èédú, gbogbo òkúta irin ni ó ń yọ́. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ a léfòó sórí irin, a ó sì gbọ́n ọn dànù. Ní ti Midrex, gáàsì ni a fi ń gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta náà láìjẹ́ pé ó yọ́ rárá. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó gbé e sínú iléru oníná mànàmáná. Ìpinnu yìí bọ́gbọ́n mu ní agbègbè tí gáàsì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sun ún dànù. Ṣùgbọ́n òkúta tí kò yọ́ kò lè pọ yanrìn inú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti mọ́ láti ìta wá.

Òkè Itakpe, nítòsí Okene, ni a gbójú lé pé òkúta yóò ti máa wá. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n òkúta náà, nǹkan bí 36 péré ni irin. A ní láti lọ̀ ọ́, kí a fọ̀ ọ́, kí irin inú rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ajaokuta, tí a ṣe iléru tirẹ̀ fún èédú, lè fara mọ́ ìdá 63 tàbí 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Aladja ń fẹ́ 67 sí 68. Ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin yìí kéré lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Bí a ó ti lọ òkúta náà kúnná tó, bí a ó ti ya yanrìn rẹ̀ sọ́tọ̀ láìfi irin ṣòfò, ìwádìí ni ó lè sọ ọ́, ìwádìí sì ń fẹ́ owó.

Òkúta láti Làìbéríà àti Bùràsíìlì ni Aladja fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí ètò SAP sì dé ní 1986, tí náírà ṣubú, owó òkèèrè tí a fi ń ra òkúta di ọ̀wọ́n. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1990 sí 1999, iléru ti tutù. Ilé-iṣẹ́ Òṣogbo náà kò rí irin gbà mọ́.

Àwọn Àjọ tí Ó Pẹ́ Dé

A kò sọ pé kò sí ìwádìí rárá. Àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 fún ètò irin wá òkúta kiri. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọdún wọ̀nyí dáadáa. 1977 ni a ṣe àdéhùn Aladja. 1979 ni òfin dá ibùdó ìwádìí irin ti Jos sílẹ̀. Ọdún 1979 yìí kan náà ni a ṣe òfin ọ́fíìsì tí yóò máa yẹ àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn ará òkèèrè wò, èyí tí a wá ń pè ní NOTAP láti 1992. Raw Materials Research and Development Council, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti so ilé-iṣẹ́ pọ̀ mọ́ onímọ̀ lórí ohun èlò abẹ́lé, kò dé àfi ní 1987. Ọdún 1987 náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin tí yóò gbé òkúta láti Itakpe wá sí Aladja. Ọdún 2020 ni a tó ṣí i. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Lójú tiwa, kì í ṣe àìnáwó ni ó pa Aladja lára, bí kò ṣe ìgbà tí a ná an àti ohun tí a kọ́kọ́ ná an sí.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1904 ni òyìnbó kan, C. V. Bellamy, tẹ ìròyìn jáde lórí àwọn tí ń yọ́ irin ní Ola-Igbi ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń yan òkúta náà lórí iná, wọ́n ń gún un, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ kí ó tó wọ iléru. Òkúta ni wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó mọ iléru.

Bẹ́ẹ̀ ni a ti rí owó ìwádìí tí ó bá àkókò mu nílẹ̀ wa rí. Nígbà tí a dá ibùdó ìwádìí kòkó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Tafo, ní Gold Coast, ní 1944, lára èrè orí kòkó ni a ti ń bọ́ ọ. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn ni ó di ibùdó ìwádìí kòkó orílẹ̀-èdè yìí ní 1964. Àgbẹ̀ Oǹdó kò kọ ìwé béèrè owó. Ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó rẹ̀ ni ó ṣe alárinà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ ọ̀hún kò rí gbogbo èrè rẹ̀ gbà.

Ti ọtí bíà tún yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ Òṣódì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọkà bàbà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìjọba fòfin de ọkà báálì láti òkèèrè ní 1988 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí tó fi tipátipá yà sí i. Òfin ni ó ṣe alárinà níbẹ̀, kò sì fi pẹ̀lẹ́ ṣe é.

Lóde Òní

Ìjọba ta Aladja ní 2005, ó sì ti gba ọwọ́ ju olówó kan lọ láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ owó ìwádìí wá ti yí padà díẹ̀. Owó tí TETFund ń pín fún ìwádìí wà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀ ní láti wá olùkọ́ tí yóò bá a ṣe é. Èyí túmọ̀ sí pé ẹnu ọ̀nà wa ni ọ̀rọ̀ náà dé.

Ọkùnrin kan tí ó ń da ìkòkò àlúmíníọ̀mù wá sí ọ́fíìsì wa nígbà kan, ó ní kí a bá òun ka fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́. Ìbéèrè kẹrin ni kí ó sọ ohun tuntun tí ó fẹ́ ṣe. Ó ní, “Ọ̀gá tíṣà, kò sí nǹkan tuntun kankan. Ihò wẹ́wẹ́ ní ń wà nínú ìkòkò mi nígbà òjò, kì í sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.” A sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ ti dáhùn ìbéèrè náà.” A kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, a sì mú un lọ bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé kejì. Wọ́n bi í léèrè irú yanrìn tí ó fi ń ṣe àwòṣe, àti bí ó ti ń gbẹ ẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹni tí ó rántí fọ́ọ̀mù náà mọ́.