MacCarthy: Orúkọ Kan, Ọ̀pọ̀ Ilẹ̀



Ìtàn ìgbésí ayé Àjàyí Crowther ni mo ń kà tí mo fi ṣe alábàápàdé orúkọ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Gómìnà tí ó wà lórí àlééfà níbẹ̀ nígbà náà ni Sir Charles MacCarthy. Bathurst, abúlé tí wọ́n fi ọmọkùnrin náà sí, wà lára àwọn abúlé tí a tẹ̀dó ní àkókò gómìnà yìí fún àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Mo wá bi ara mi léèrè pé: ta ni ó ń jẹ́ MacCarthy, níbo ni orúkọ náà sì ti wá?

Kì í ṣe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ilẹ̀ Írẹ́lándì ni orísun rẹ̀. Ní èdè wọn, Mac Cárthaigh ni wọ́n ń kọ ọ́. “Mac” ni ọmọkùnrin, Cárthach sì ni orúkọ baba ńlá ìdílé náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó kún fún ìfẹ́. Bí àwa náà ṣe ń kini ní “ọmọ lágbájá” ni ọ̀rọ̀ yìí rí, àmọ́ “ọmọ” tiwa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ní tiwọn, ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ jẹ́ Mac. Nic Cárthaigh ni yóò máa jẹ́, bí ó bá sì jẹ́ aya ilé ni, yóò di Mhic Cárthaigh. Mo gbádùn èyí púpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà lásán ti mọ ipò ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ.

Ìjòyè ni Cárthach ní agbègbè Cashel, ní gúúsù Írẹ́lándì. Inú ilé tí àwọn ọ̀tá dáná sun ni ó kú sí ní ọdún 1045. Cormac, ọmọ ọmọ rẹ̀, jọba, ó sì kọ́ ilé ìsìn olókùúta kan sórí àpáta Cashel tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ọdún 1134. Ó wà níbẹ̀ di òní. Àwọn ìran rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé olódi Blarney ní ẹ̀bá ìlú Cork ní ọdún 1446, tí àwọn àlejò ń rọ́ lọ láti fẹnu ko òkúta kan nítorí kí ọ̀rọ̀ dídùn lè máa jáde lẹ́nu wọn. Agbègbè Cork yìí náà ni àwọn MacCarthy pọ̀ sí jùlọ títí di ìsinsìnyí.

Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ní ọdún 1691, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìdílé yìí ni wọ́n gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá lọ sí ilẹ̀ Faransé láti ṣe ọmọ ogun níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Charles ní ọdún 1764. Faransé ni baba rẹ̀, Guéroult ni orúkọ ìdílé baba náà. Ìdílé ìyá ni ó ti mú MacCarthy. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi ronú gan-an: ọmọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn ni ó padà di ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ ìyá rẹ̀ sì wá di orúkọ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1823, Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù kan nínú odò Gáḿbíà, wọ́n sì sọ ọ́ ní erékùṣù MacCarthy. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1824, àwọn ọmọ ogun Àṣántì pa gómìnà náà ní Nsamankow, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí.

Ní Amẹ́ríkà, orúkọ náà tún gba ọ̀nà mìíràn. Joseph McCarthy, sẹ́nétọ̀ Wisconsin, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn ìjọba àjùmọ̀ní kan àwọn ènìyàn ní ọdún 1950, láìní ẹ̀rí tí ó dúró. Orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe irú ìwà bẹ́ẹ̀. Wọn kì bá ti fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ba orúkọ odidi ìdílé jẹ́. Nítorí pé John McCarthy (1927–2011), tí baba rẹ̀ ti Cromane ní Kerry wá, ni ó fún ìmọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá orí kọ̀ǹpútà ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é, ní ọdún 1955. Òǹkọ̀wé Cormac McCarthy ńkọ́, tí ó kú ní ọdún 2023? Charles ni wọ́n sọ òun náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú orúkọ ọba ilé wọn àtijọ́.

Janjanbureh ni erékùṣù inú odò Gáḿbíà ń jẹ́ báyìí, láti ọdún 1995. Ní ti ọmọkùnrin Òṣogùn, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró ní ọdún 1825, wọ́n sì fún un ní orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, Àjàyí ṣì wà láàárín orúkọ méjèèjì.