Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Brendon Àyànbádéjọ, Agbábọ́ọ̀lù tí Ẹgbẹ́ Kankan Kò Yàn

Ní Sábó, ní Yábà, ìlú Èkó, kò sí ọ̀dọ́ tí kò mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí àtẹ orúkọ bá jáde. Yábàtẹ́ẹ̀kì, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, kò jìnnà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Fásitì Èkó tó wà ní Akọkà. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ń wá orúkọ wọn láàárín àwọn tí a gbà wọlé. Ẹni tó bá rí tirẹ̀ a fò sókè. Ẹni tí kò rí i a tún àtẹ náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá ojú ló fò ó. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ará ilé àti aládùúgbò a ti pín àwọn ọmọ sí méjì: ẹni tí ọ̀nà là fún àti ẹni tí ọ̀nà dí mọ́. Ó yẹ kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tó lo ìgbà èwe rẹ̀ díẹ̀ ní Èkó yìí kan náà.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà náà ní àtẹ tirẹ̀, pàápàá nínú eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ. Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ní Nàìjíríà. Ó gùn bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú, àwọn alátakò a sì máa fi gbogbo ara kọlu ẹni tó bá gbé e títí yóò fi ṣubú. Láti ọdún 1936 ni àwọn ẹgbẹ́ inú NFL, líìgì wọn tó ga jù, ti ń péjọ lọ́dọọdún láti yan àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti fásitì bọ̀. Ètò náà ni wọ́n ń pè ní draft. Ìpele méje ni wọ́n fi ń pe orúkọ báyìí, nǹkan bí orúkọ 250 ni wọ́n sì máa ń pè. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè ti di olówó lọ́jọ́ náà. Ẹni tí wọn kò bá pè rárá lè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ wò, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré, wọ́n sì lè ní kó máa lọ sílé nígbàkigbà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, wọ́n pe orúkọ tán, orúkọ Ọládélé Brendon Àyànbádéjọ kò sí níbẹ̀.

Ìlú Chicago ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Ireland wá ni ìyá rẹ̀. Orúkọ ìdílé náà ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, ìdílé onílù la mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tó wà ní ọmọdé, Èkó ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ tú ká, ìyá kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọbáfẹ́mi, padà sí Chicago. Ibi tí wọ́n dé sí ni Lathrop Homes, ọgbà ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó lọ sí Santa Cruz ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Kì í ṣe fásitì ńlá ni ó gbà wọlé láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Cabrillo College, ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tó wà nítòsí ilé wọn, ló kọ́kọ́ lọ, kí ó tó bọ́ sí UCLA, fásitì ìjọba tó lókìkí ní Los Angeles. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù UCLA lágbára gan-an nígbà náà: ní sáà 1998, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n jáwé olúborí. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù wò ó, wọ́n sì gbé ojú wọn kúrò lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ Atlanta Falcons ní kó wá gbìyànjú lọ́dọ̀ àwọn. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń wá iṣẹ́ mìíràn lọ nìyí. Àyànbádéjọ gba Kánádà lọ. Líìgì kan wà níbẹ̀ tí òfin rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: pápá wọn fẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ, ènìyàn 12 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá dípò 11, ìgbìyànjú mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú dípò mẹ́rin. Owó ibẹ̀ kò ṣeé fi wé ti NFL. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Winnipeg, ó gbá a fún Toronto, ó sì dé ọ̀dọ̀ BC Lions ní Vancouver, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún 2003 ni Miami Dolphins pè é. Ó ti pé ọmọ ọdún 26. Àwọn tí wọ́n pe orúkọ wọn ní 1999 ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn gbajúmọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù yìí, ìgbà kan máa ń wà tí ẹgbẹ́ kan yóò fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà sí ọwọ́ ẹgbẹ́ kejì. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni tó gbá a ní láti sá eré àsápajúdé gba inú àwọn òmìrán tó fẹ́ dí wọn lọ́nà, kí wọ́n lè wó ẹni tó gba bọ́ọ̀lù náà lulẹ̀. Ikọ̀ àkànṣe ni a lè pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ewu wà níbẹ̀, ìyìn kò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ìràwọ̀ kì í fi í dù ú. Fún ẹni tí a kò yàn, ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn wà. Àyànbádéjọ kò kà á sí iṣẹ́ ìdúródè. Ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ewé tó sì pẹ́ lára ọṣẹ ti di ọṣẹ.

Ní Miami yìí náà ló ti bá ọmọ Yorùbá mìíràn tí wọn kò pe orúkọ rẹ̀ pàdé. Brooklyn ní New York ni wọ́n ti bí Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ ní ọdún 1977. Ó gbajúmọ̀ ní Fásitì Indiana, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ farapa gidigidi ní sáà tó lò kẹ́yìn níbẹ̀. Nígbà tí draft ọdún 2000 dé, gbogbo ẹgbẹ́ sá fún orúnkún náà. Dolphins gbà á lẹ́yìn draft, wọ́n sì mú sùúrù fún un títí ẹsẹ̀ fi san. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wó ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù lulẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní sáà 2003, ó ṣe é ní ìgbà 15, iye tí ẹnikẹ́ni kò dé ní AFC, èyí tó jẹ́ ìdajì gbogbo ẹgbẹ́ NFL. Ní 2004, Chicago Bears gbà á lọ́wọ́ Dolphins, wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́fà tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là.

Ní 2005, Àyànbádéjọ tẹ̀lé e dé Chicago, ìlú tí wọ́n ti bí i. Lọ́dọọdún, NFL máa ń yan àwọn tó mọṣẹ́ jù fún eré ẹ̀yẹ kan tó ń jẹ́ Pro Bowl. Wọ́n yan Àyànbádéjọ fún iṣẹ́ ikọ̀ àkànṣe ní sáà 2006, wọ́n sì tún yàn án ní 2007. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2007, òun àti Ògúnlẹ́yẹ wà nínú ẹgbẹ́ tó kó wọ Super Bowl, àṣekágbá gbogbo ìdíje náà. Ìlú Miami ni wọ́n ti gbá a, ní pápá tí àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, òjò sì rọ̀ lé wọn lórí. Indianapolis Colts borí Bears pẹ̀lú àmì 29 sí 17.

Ìtàn kò tán síbẹ̀. Ní 2008, Àyànbádéjọ lọ sí Baltimore Ravens, wọ́n sì yàn án fún Pro Bowl ní ẹ̀ẹ̀kẹta léraléra. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2013, ní New Orleans, Ravens borí San Francisco 49ers pẹ̀lú àmì 34 sí 31 nínú Super Bowl tí iná ti kú lójijì láàárín eré. Ó ti pé ọmọ ọdún 36 lọ́jọ́ náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ọbáfẹ́mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọn kò pe orúkọ òun náà nínú draft, wà lára ẹgbẹ́ Ravens ní sáà 2000, nígbà tí wọ́n gba Super Bowl àkọ́kọ́ wọn. Ọmọ ìyá méjì tí a kò yàn, ẹgbẹ́ kan náà, oyè kan náà.

Kò yẹ kí a ti ibí yìí sọ ọ́ di àlọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti tẹpá mọ́ṣẹ́ yóò dé òkè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ tí a kò pè ló ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lọ́dọọdún. Ènìyàn 53 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wọ inú sáà, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń padà sílé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọ ìtàn wọn. Ohun tó gba Àyànbádéjọ là ju agídí lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì wà tó gbà á nígbà tí fásitì ńlá kò tíì ṣí. Líìgì Kánádà wà tó fún un ní pápá àti owó oṣù nígbà tí Falcons lé e. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn gbajúmọ̀ kò dù, tí ó sì lè fi wọlé. Àwọn baba wa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ẹnìkan la ọ̀nà kejì kí ẹni tí wọ́n dí àkọ́kọ́ mọ́ tó lè gba ibẹ̀.

Wọ́n ti ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dé Nàìjíríà báyìí. Osi Umenyiora, ẹni tó gba Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú New York Giants, dá ètò kan sílẹ̀ láti wá àwọn ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀bùn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2022, Kehinde Oginni Hassan fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Kansas City Chiefs, Roy Mbaeteka pẹ̀lú Giants, Haggai Ndubuisi pẹ̀lú Arizona Cardinals. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú draft.

Ẹ̀kọ́ tó wà fún àwọn tó ń ṣe àtẹ orúkọ nílẹ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Àtẹ kì í ṣe ohun búburú. Àyè tó wà kò lè gba gbogbo ènìyàn. Ohun tó burú ni kí àtẹ kan ṣoṣo jẹ́ òpin ọ̀rọ̀, kí ọmọ ọdún 18 tí orúkọ rẹ̀ kò jáde má rí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó má rí ibi iṣẹ́ tí yóò gbà á wò, kí àwọn ará ilé sì ti fi orúkọ òfo pè é. Àwọn tó wo Àyànbádéjọ ní 1999 kò purọ́. Ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà ni wọ́n sọ. Wọn kò rí ọdún 14 tó tẹ̀lé e, kò sì sí àtẹ tó lè rí i.